Oníjó kílọ́ọ̀bù àti nọ́ọ̀sì, ta ló ń gbé owó lọ sílé jù? Ẹ bá mi ṣírò, ẹ má wàásù

Àjọkẹ́_HTX
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n níbo ni mo tún fẹ́ gbé e lọ? Mi ò lè bi màmá mi, mi ò sì lè béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì.

CNA ni mí, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbí ní Houston. Dọ́là 18 ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan. Mò ń gbé arúgbó, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń pààrọ̀ páńpáàsì. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 24 ni mí. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Lálẹ́, ó máa ń lọ jó ní kílọ́ọ̀bù, àwọn kílọ́ọ̀bù tí obìnrin ti ń bọ́ṣọ jó yẹn. Sọ́ńdè tó kọjá ó pè mí sínú mọ́tò rẹ̀ ní páàkì, ó sì ṣí báàgì hàn mí. Dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, ìdì ìdì, ó fi rọ́bà dè é bí ìdì ẹ̀fọ́. Ó ní 900 ni, alẹ́ kan ṣoṣo. Èmi á gbé arúgbó fún wákàtí 50 kí n tó rí 900, ìjọba ò sì tíì gé tiẹ̀ níbẹ̀ o.

Ó ní nọ́ọ̀sì gan-an ò gbà tó òun. Ó ní kí n wá.

Mi ò tíì sọ pé mò ń lọ! Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó mọ ìṣirò bá mi ṣe é: ṣé òótọ́ ni pé oníjó ń gbowó ju nọ́ọ̀sì lọ, ju awakọ̀ tírélà lọ, ju àwa CNA lọ? Mo ní ìwé ìgbélùú o, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà mí.

Adúróṣinṣin
Ọmọ tí wọ́n bí ire! Ìṣirò wo lo tún ń wá? Iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kì í ní rìsíìtì.

Àjọkẹ́_HTX
Ẹ ṣé sà, mo ti ka tiyín. Ẹlòmíì?

Ọmọ_Bẹẹrẹ
Èmi ò mọ Houston, Ìbàdàn ni mo wà, ṣùgbọ́n mo mọ owó ìná. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lu gángan lẹ́yìn ọ̀gá kan. Tí ẹ bá rí wa lóde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, tí alhaji ń lẹ owó mọ́ wa níwájú orí, tí owó ń já bọ́ bí ewé odán, ẹ ó ní ẹgbẹ́ wa ti là. Ọmọ kan wà tí iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa ṣa owó sínú Ghana-must-go lọ. Báàgì yẹn kì í yà lọ́dọ̀ wa. Ilé ọ̀gá ló ń lọ tààrà. Ọ̀gá á yọ owó mọ́tò, á yọ owó ẹ̀rọ, á yọ ti ẹni tó mú òde náà wá, á yọ ti ara rẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé láti gba ohun tó kù. Mo ti lu ìlù rí lóde tí wọ́n ti ná tó mílíọ̀nù méjì náírà, 15,000 ni mo mú délé.

Nítorí náà, ìbéèrè tèmi fún ọ̀rẹ́ rẹ ni pé: nínú 900 yẹn, èló ni ti ọ̀gá?

Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà lẹ ṣì ń gbádùn o. Nílé níbí, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa ná náírà bẹ́ẹ̀, a ò kà á sí, àfìgbà tí wọ́n ju gbajúmọ̀ kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà l'Ékòó ní 2024. Láti ìgbà náà, inú àpò ìwé ni àwọn alhaji wa ń fi tiwọn sí.

Bàbá_Tọ́lá_Katy
Onílù ti lù ú bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n jó o.

Iṣẹ́ kíkọ ìwé owó orí ni mò ń ṣe, mo sì ti ṣe ti oníjó rí, ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, oníbàárà ni oníbàárà.

Àjọkẹ́, ní ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù níbí, oníjó kì í ṣe òṣìṣẹ́ kílọ́ọ̀bù. Kọ̀ntírátọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kílọ́ọ̀bù ò san kọ́bọ̀ fún un, òun gan-an ló ń sanwó fún kílọ́ọ̀bù kó tó gun orí pèpéle. House fee ni wọ́n ń pe owó yẹn. Wò ó bí ìyá alátà tó san owó ìsọ̀ kó tó pàtẹ: ó tà o, kò tà o, owó ìsọ̀ ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò fún DJ, yóò fún sikúrítì, yóò fún ìyá tó ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ti ń múra.

Ti ìjọba wá kù. Ìwọ CNA, wọ́n ń yọ 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ fún Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìwòsàn ọjọ́ ogbó, ilé iṣẹ́ rẹ náà ń fi 7.65 tiwọn tì í. Kọ̀ntírátọ̀ ò ní ẹni tó máa bá a fi nǹkan kan tì í. Òun nìkan ni yóò san 15.3, kí owó orí gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá já lórí òpó tó dá lẹ́sẹ̀, ilé ló ń lọ, kò sẹ́ni tó máa sanwó ìjókòó fún un.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ máa sọ: "Káàṣì ni, ta ni yóò mọ̀?" Ó dáa. Lọ́dún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo kílọ́ọ̀bù pa, ìjọba àpapọ̀ ṣí owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà ju ìpín tó kéré jù lọ, ìwé owó orí ọdún tó kọjá ni yóò mú wá. Oníbàárà mi kan tó ń gbé owó bí ẹni ń gbé iyẹ̀pẹ̀, 9,000 dọ́là ló kọ sílẹ̀ fún gbogbo ọdún 2019. Ohun tó kọ náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ti ọjọ́ ogbó náà ń bẹ níbẹ̀: kírẹ́dìtì 40 ni Social Security ń béèrè, ìyẹn bí ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀. Ọdún tí o kò bá kọ, lójú tiwọn, o sùn ni.

Má mú alẹ́ kan wá bá mi. Mú ọ̀sẹ̀ wá, ó kéré tán, pẹ̀lú gbogbo wákàtí rẹ̀, kí n bá ọ pín in.

Láìlórúkọ_2
Mo ṣí àkáǹtì tuntun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo jó ní Houston láti 2016 sí 2019. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ má bi mí pé apá ibo.

Ohun tí ẹ ń ṣì mú ni pé ẹ rò pé ijó ni iṣẹ́ náà. Ijó kéré níbẹ̀. Orin méjì mẹ́ta lórí pèpéle, ó tán. Ọjà kíkiri ni iṣẹ́ náà. Bàtà gíga ínǹṣì méje ni wàá fi máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, "báwo ni, kí lorúkọ yín, ṣé kí n jókòó", fún wákàtí méje, bí ẹni ń ta búrẹ́dì ní Ojótà, àfi pé búrẹ́dì kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Ọkùnrin kan lè fi wákàtí kan gbáko ro ẹjọ́ ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, kó mu bíà mẹ́ta, kó dìde lọ láìra ijó kankan. Wákàtí yẹn ti bá a lọ.

Mo ní ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ọ́, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan rèé nínú oṣù Kẹwàá 2018. Ọ̀sẹ̀ tó dára ni o.

Túsìdeè: 95 wọlé. House fee 40, DJ 10, sikúrítì 10, ìyá yàrá 10. Mo mú 25 lọ sílé. Dọ́là 25, lẹ́yìn wákàtí méje!
Tọ́sìdeè: 310. House fee 60, DJ 31, sikúrítì 20, ìyá yàrá 10. Ó ku 189.
Fúráìdé: 540. House fee 90, DJ 54, àwọn yòókù 30. Ó ku 366.
Sátidé: 870. House fee 100, fáìnì 30 nítorí mo pẹ́ dé, DJ 87, àwọn yòókù 30. Ó ku 623.

Owó bàtà, èékánná, irun, ìpara àti epo mọ́tò ò sí níbẹ̀ o. Mo máa ń pín in sí 160 lọ́sẹ̀. Tí mo bá fi ìmúra àti ojú ọ̀nà kún ṣíìfù mẹ́rin yẹn, wákàtí 36 ni.

Sátidé tí mo gba 870 yẹn, tí ẹ bá rí mi, ẹ̀yin náà á ní mo ti là. Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń kà á nínú mọ́tò, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo tan iná kékeré tó wà lókè orí. Dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń lọ́rinrin, ó ń rùn bíà àti lọ́fínńdà pọ̀, kí n tó ka igba, ọwọ́ mi á ti dúdú. Wàá kà á títí, ọrùn á dùn ọ́, itan rẹ á kún fún owó, tí o bá wá kà á tán, 300 dọ́là náà ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tan ojú jẹ. Ká ní ìwé ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kó fún ọ̀rẹ́ Àjọkẹ́, ìwé mẹ́sàn-án péré ni ì bá fi hàn án, kò sì ní sí ìjíròrò yìí.

Owó tún ní àsìkò. Oṣù Kejì 2017 tí wọ́n gbá Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, nílùú wa, ohun tí mo rí lọ́jọ́ mẹ́rin, mi ò rí i mọ́ títí mo fi kúrò. Oṣù Karùn-ún, àwọn èèyàn epo rọ̀bì máa ń wá fún ìpàdé OTC, ó máa ń dáa. Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 kan náà, ìjì Harvey dé, omi gba ìlú, kílọ́ọ̀bù tì. Lánlọ́ọ̀dù mi ò tì.

Àjọkẹ́, oṣù wo la wà yìí? Oṣù Kẹta. Rodeo, àríyá ńlá àwọn darandaran, ló wà nílùú. Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè ohun tó mú lọ sílé ní oṣù Kìíní.

Mi ò kábàámọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mí ní káàánú. Owó yẹn ni mo fi parí ilé ìwé, òun náà ni mo fi ránṣẹ́ sílé nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá mi. Wọ́n rò pé sítọ́ọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Àjọkẹ́_HTX
Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti Túsìdeè yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Tọ́lá_Katy
Ìwé tó mọ́ nìyí! Ìdajì àwọn oníbàárà mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ò lè kọ irú rẹ̀.

Ó yá. 1,815 ló wọlé. 612 bá ilé, DJ àti àwọn yòókù lọ, 1,203 kù. Yọ 160 ti bàtà àti irun, ó ku 1,043. Èrè nìyẹn. Social Security àti Medicare á mú bí 147 níbẹ̀, 896 kù. Pín in sí wákàtí 36: bíi dọ́là 24 àti sẹ́ńtì 90, kí owó orí ìjọba àpapọ̀ tó dé. Texas kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́, ẹ dúpẹ́. Dọ́là 2018 lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ, tí a bá sọ ọ́ di ti 2024, á tó bíi 31.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ìjọba àpapọ̀ kọ fún oṣù Karùn-ún 2024, ti ẹni tó wà láàárín gbùngbùn nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. CNA, 39,530 lọ́dún. Awakọ̀ tírélà ńlá, 57,440. Nọ́ọ̀sì RN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ kíkún, 93,600. Tí mo bá pín wọn sí wákàtí, tí mo sì yọ 7.65 wọn, CNA ń mú bí 17.50, tírélà 25.50, nọ́ọ̀sì 41.50.

Oníjó ju ìwọ àti awakọ̀ lọ, kò sún mọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ sì rántí pé ó ní ọ̀sẹ̀ tó dára ni, mi ò sì tíì fi owó ìnṣọ́ránsì tí nọ́ọ̀sì ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ sí i.

Tírélà_Méjìdínlógún
Ẹ gbà mí láyè kí n rẹ́rìn-ín, nítorí èmi àti oníjó yìí, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ọdún méjì ni mo fi dá tírélà tèmi wà. Wọ́n ń san 6,000 fún mi lọ́sẹ̀, gbogbo ẹbí ní Òṣogbo ti gbọ́. Ẹ̀yin ẹ lọ bi dísẹ́ẹ̀lì, ẹ bi táyà, ẹ bi ìnṣọ́ránsì. Ní ọ̀sẹ̀ kan tí táyà mẹ́ta bẹ́, èmi ni mo sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, mò ń gba ti wákàtí, mò ń sùn.

Ọ̀rọ̀ kan tí Bàbá Tọ́lá ò fi kún un: nígbà tí mo fẹ́ ra ilé, báńkì ní kí n mú ìwé owó orí ọdún méjì wá torí pé mo ń dá ṣiṣẹ́. Èrè orí ìwé ni wọ́n wò, wọn ò wo 6,000. Oníjó tí kò kọ nǹkan kan, báńkì ò mọ̀ pé ó wà láyé.

Nọ́ọ̀sì_Sùúrù
Àjọkẹ́, mo ṣe CNA fún ọdún mẹ́rin, nítorí náà mo mọ ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ yẹn. Lọ ra bẹ́líìtì, kí o sì yé dá arúgbó gbé. Tí wọ́n bá ní kò sẹ́nìkejì, sọ fún wọn pé wàá dúró dè é.

Ẹ má sọ nọ́ọ̀sì di ọ̀run rere o. Wákàtí 12 lórí ìdúró, aláìsàn gbá mi létí ní oṣù tó kọjá, mo sì padà wọlé lọ fún un ní oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n 93,600 yẹn kì í ṣe ìtàn. Ìlàjì wa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọdún mẹ́rin ilé ìwé bá jìnnà lójú rẹ, LVN, nọ́ọ̀sì tí ìpele rẹ̀ kéré sí RN, ò ju bí ọdún kan lọ ní Texas, 62,340 sì ni ti ẹni tó wà láàárín wọn ní ọdún kan náà tí Bàbá Tọ́lá kà yẹn. Kó o tó yá owó kankan, lọ bá àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níbi tí o wà, bi wọ́n bóyá wọ́n ń ranni lọ́wọ́ sanwó ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é, wọn kì í pariwo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú ìwé díẹ̀ kún un, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì New Mexico tẹ̀lé oníjó 18 ní Albuquerque, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Ní ṣíìfù wákàtí márùn-ún, àsìkò tí ara obìnrin lè lóyún, tíìpù rẹ̀ máa ń tó 335 dọ́là. Tó bá ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, á já sí 185. Láàárín méjèèjì, 260. Ẹ ò rí nǹkan, nǹkan oṣù ń gé owó oṣù! Èmi, wọn kì í bi mí ní ọjọ́ wo ni mo wà kí wọ́n tó sanwó fún mi.

Láìlórúkọ_2
Òótọ́ ni o. A mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹnu_Ọ̀nà_ATL
Sikúrítì ni mí ní Àtìláńtà, ọdún karùn-ún rèé. Èmi ni mo máa ń sin wọn dé ìdí mọ́tò, nítorí náà mo mọ ẹni tí báàgì rẹ̀ wúwo.

Ìlú yìí yàtọ̀. Magic City ti wà níbí láti 1985, ibẹ̀ ni àwọn olórin ti ń gbé orin tuntun wá dán wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí àwọn oníjó bá jó sí i, DJ á mọ̀ pé ó máa tà. Owó máa ń rọ̀ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò purọ́. Níbi tí mo wà, kì í ṣe ibẹ̀ o, tí oníjó 30 bá wọlé lọ́jọ́ Sátidé, mẹ́rin márùn-ún ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà lọ. Wọ́n ní oníbàárà tiwọn tó ń wá nítorí wọn, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n mọ ọjọ́ ìbí wọn. Àwọn 25 tó kù ń pín ìyókù. Mo ti yá ọmọ kan ní 20 dọ́là rí kó fi ra epo délé, lẹ́yìn tó ti sanwó fún gbogbo wa. Ó wà nínú àwọn tó fún èmi náà ní 10 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú tì mí.

Àbúrò, mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún ọ nítorí pé ọmọ wa ni ọ́: awọ ara ń bá owó yìí jà. Àwọn kílọ́ọ̀bù kan ò fẹ́ ju ìwọ̀nba oníjó aláwọ̀ dúdú lọ ní alẹ́ kan. Ní Jackson, Mississippi, EEOC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, gbé kílọ́ọ̀bù kan lọ sílé ẹjọ́ torí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dín iye ọjọ́ tí àwọn dúdú lè jó kù, wọ́n ń bu fáìnì lé wọn, àwọn funfun ń wá nígbà tó bá wù wọ́n. Ní 2019, àwọn adájọ́ aráàlú ní kí wọ́n san ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ fún oníjó márùn-ún. Wọ́n borí, ṣùgbọ́n ka iye ọdún tí wọ́n fi dúró.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham
Ní London níbí, ẹ gbọ́ tiwa. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Leeds bá àwọn oníjó sọ̀rọ̀ káàkiri ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, wọ́n ní bíi £232 ni oníjó ń mú lọ sílé ní ṣíìfù kan, lẹ́yìn tó bá ti san ti kílọ́ọ̀bù. Ariwo pọ̀ nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìsọdipúpọ̀ lórí fóònù. Ohun tí wọn ò kà mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn oníjó yẹn ló sọ pé àwọn ti kúrò níbi iṣẹ́ rí láìrí kọ́bọ̀.

Ẹjọ́ tó sì kọ́ èmi lọ́gbọ́n ni ti 2012. Oníjó kan tí wọ́n lé kúrò ní Stringfellows lọ sí kóòtù pé wọ́n lé òun láìtọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Kí nìdí? Kílọ́ọ̀bù ò jẹ ẹ́ ní owó kankan, oníbàárà ló ń san tiẹ̀, àwọn alẹ́ tó bá pàdánù, òun ló gbé e. Àǹfààní tí wọ́n fi ń fa ojú ọmọ mọ́ra, pé "kò sí ọ̀gá lórí rẹ", òun náà ni wọ́n fi borí rẹ̀.

Kọ́lá_Seattle
Ìdí nìyẹn tí àwọn oníjó níbí fi ta kú. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Washington ṣòfin pé house fee ò gbọ́dọ̀ ju 150 dọ́là lọ, tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí oníjó pa lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tó bá kéré jù. Fáìnì ẹni tó pẹ́ dé, ó ti tán.

Láìlórúkọ_2
30 nínú ọgọ́rùn-ún! Nínú 95 Túsìdeè tèmi, wọn kì bá tí gbà ju 28 lọ.

Kọ́lá_Seattle
Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí. Ní Kalifọ́níà ńkọ́, láti 2020 tí òfin AB5, tó mú kó ṣòro láti máa pe òṣìṣẹ́ ní kọ̀ntírátọ̀, ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ti sọ oníjó di òṣìṣẹ́ tó ń gba owó wákàtí. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn kílọ́ọ̀bù kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé púpọ̀ nínú owó ijó láti fi gba tiwọn padà, àwọn oníjó kan sì ké pé ti tẹ́lẹ̀ sàn. Àwọn oníjó kílọ́ọ̀bù kan ní North Hollywood ló gbọ́n jù lójú tèmi: ní 2023 wọ́n dìbò wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé, Actors' Equity. Wọ́n fẹ́ máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí tábìlì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Denton
Ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ńkọ́? Tó bá jẹ́ kọ̀ntírátọ̀, ṣé wọ́n á kà á sí iṣẹ́?

Bàbá_Tọ́lá_Katy
Wọ́n á kà á dáadáa! Nínú ọgbà ilé ìwé nìkan, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Kọ̀ntírátọ̀, káàṣì, ijó, irun dídì, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ ni, ó sì lè ba ìwé rẹ jẹ́. Lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè. Má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ Tírélà.

Tírélà_Méjìdínlógún
Kí ni mo ṣe báyìí?

Àjọkẹ́_HTX
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bi ọ̀rẹ́ mi nípa oṣù Kìíní. Ó kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, a jókòó ní yàrá oúnjẹ níbi iṣẹ́, mo bá a ya ìlà sórí bébà bí Àǹtí Láìlórúkọ ṣe ya tiwọn. Alẹ́ mẹ́jọ ló rántí nínú oṣù Kìíní. Ní méjì nínú rẹ̀, ó jẹ kílọ́ọ̀bù lówó wọlé: òjò rọ̀, èèyàn ò wá, wọ́n kọ house fee sílẹ̀ dè é títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó dára jù ní oṣù yẹn, 260 ló mú lọ sílé. 900 yẹn, òótọ́ ni, Sátidé Rodeo ni. House fee ọjọ́ náà ò sì sí nínú ohun tó kà fún mi, torí pé ó ti san án kó tó wọlé.

Ó ní òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ju páńpáàsì lọ. Mi ò bá a jiyàn.

Èmi ti gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé ìwé níbi iṣẹ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn lóòótọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Ojú ewé mẹ́fà ni.

Bàbá Tọ́lá, ó ní kí n bá òun béèrè: ṣé ẹ ń gba ẹni tí kò kọ ìwé owó orí fún ọdún méjì?

Bàbá_Tọ́lá_Katy
Mò ń gbà. Kó wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjà ò yá lọ́jọ́ yẹn náà. Kó kó gbogbo ìwé tó ní dání, rìsíìtì bàtà, rìsíìtì irun, ti house fee tí wọ́n bá fún un. Kó má sì fi rọ́bà dè é.